Ẹ̀yin Àgbà Tó Ń Fi Ọkọ̀ Ṣelé, Ẹ Má Tíì Ta Ilé

Láti ìparí oṣù Kẹta títí wọ inú oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn àgbà máa ń palẹ̀ mọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí wọ́n sá fún yìnyín Minnesota, Michigan àti Canada wá jókòó sínú oòrùn Arizona, Florida àti gúúsù Texas, tí wọ́n ń pè ní snowbird, á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì kọrí sí àríwá. Púpọ̀ nínú wọn ń padà sí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni. Àmọ́ àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé ilé ìgbà òtútù yẹn nìkan ló kù fún wọn lórí ilẹ̀. Bí ooru bá ti ń wọlé, inú ọkọ̀ àfiṣelé tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní RV ni wọ́n ń kó sí. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n á máa ti ọgbà ìjọba kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ ọmọ kejì, títí di oṣù Kẹwàá tí ojú ọjọ́ á tún tutù. Bí wọ́n bá sì ti ń di ẹrù, ìbéèrè kan máa ń jẹ yọ láàárín tọkọtaya: kí la tún ń fi ilé yìí ṣe? Oṣù mẹ́fà ló fi ń ṣófo lọ́dún, owó orí rẹ̀ ń lọ, owó adójútòfò rẹ̀ ń lọ. Ẹ jẹ́ ká tà á, ká fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ tó dára ju èyí lọ, ká sì máa bá ìrìn wa lọ. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dín ilé náà kù, kí wọ́n dín in kù. Bó bá máa di yàrá kan ṣoṣo, kó di yàrá kan. Ṣùgbọ́n kí ibìkan wà lórí ilẹ̀ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ̀ kí táyà tó yí, nítorí pé ohun tó yẹ kí àgbà kọ́kọ́ múra sílẹ̀ fún nínú ìrìnàjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni ọjọ́ tí kò ní lè rìn mọ́.

Mi ò bá ìrìnàjò náà jà o. Ìdí tí wọ́n fi ń kúrò ní Arizona nígbà ooru hàn gbangba. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀léra ni ooru fi dé ìwọ̀n Celsius 43 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú Phoenix. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ Maricopa, níbi tí Phoenix wà, ka èèyàn 645 tí ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 113 tẹ̀léra ni ooru ọ̀sán fi dé 38 tàbí kọjá rẹ̀ nílùú náà. Àgbàlagbà tó bá lágbára láti kúrò níbẹ̀, tó sì kúrò, ọgbọ́n ló lò. Orílẹ̀-èdè náà sì ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Òfin tí Ààrẹ Eisenhower buwọ́ lù ní 1956 ló bí òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà tó bá ti pé ẹni ọdún 62 lè fi 80 dọ́là ra ìwé àṣẹ tí yóò máa fi wọ ọgbà ìjọba àpapọ̀ títí tí yóò fi kú, ìdajì owó ibùdó ni yóò sì máa san nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó wù mí kí ìjọba tiwa náà bu ọlá báyìí fún àgbà. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́, tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tó sanwó orí fún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́ gan-an yẹ ká wò ó dáadáa, torí wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wọ́n á ti omi pa láti ibi tó ti ń wọ ilé, nítorí bí páìpù kan bá bẹ́ nínú ilé tí kò séèyàn, ilẹ̀ àti ògiri á ti bàjẹ́ tán kí aládùúgbò tó mọ̀. Wọ́n á pa ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná. Wọ́n á kó gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á sì fi nǹkan há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má baà pa dé kó sì hu. Wọ́n á fi ọ̀rá bo àwo ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á dí ojú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ, torí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ooru aṣálẹ̀ á ti fa omi tó dúró sí ọrùn páìpù gbẹ, òórùn àti aáyán á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú pátápátá. Wọ́n á fi sí nǹkan bí ìwọ̀n 30 kí àga àti ilẹ̀kùn onígi má baà sán. Wọ́n á ní kí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa darí lẹ́tà wọn síbòmíràn. Wọ́n á bá ẹnì kan sọ ọ́ kó máa wọlé yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn adójútòfò ló sọ pé bí ilé bá ti ṣófo kọjá ọjọ́ 30 tàbí 60, àwọn òfò kan wà tí ilé iṣẹ́ náà ò ní san. Ní Florida, wọ́n tún gbọ́dọ̀ ronú kan ìjì líle, tí àsìkò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà tí kì í parí títí ìparí oṣù Kọkànlá.

Ọkọ̀ náà ní tirẹ̀. Bátìrì ńkọ́, gáàsì ńkọ́, ṣé eku ò ti gé wáyà? Táǹkì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti omi mímọ́, ti omi ìwẹ̀ àti ìfọbọ́, àti ti ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í wo ojú táyà nìkan, wọ́n ń wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Ìdúró lójú kan ló ń pa táyà ọkọ̀ yìí ju ìrìn lọ; eyín rẹ̀ lè wà níbẹ̀ digbí kí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó. Wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n níbi tí àwọn onítírélà ti ń wọn ẹrù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ti ju agbára rẹ̀ lọ. Gbogbo èyí dára. Kí a kíyè sí i pé gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ilé, orí ìgbàgbọ́ pé àwọn ń padà bọ̀ ló dúró lé, gbogbo ìtọ́jú ọkọ̀ sì dúró lórí ìgbàgbọ́ pé yóò máa rìn. Ẹni tó bá wá ta ilé náà ti gbé gbogbo ara lé ìgbàgbọ́ kejì nìkan, bẹ́ẹ̀ òun ni kò lè ṣe é dúró pẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo mú lọ́wọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2021 sí 2023. Nígbà àrùn Kòrónà, tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n rọ́ lọ sídìí ọkọ̀ àfiṣelé. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana, kó nǹkan bí 600,000 jáde lọ́dún 2021, àti èyí tó ń dá rìn àti èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn fà. Wọn ò kó iye bẹ́ẹ̀ jáde rí lọ́dún kan. Èlé orí owó tí wọ́n ń yá ra ilé ti já wálẹ̀ dé 2.65 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, nítorí náà ilé ń tà bí ọjà àárọ̀. Bí ìgbà kan bá wà tó yẹ kí arúgbó ta ilé kó sì gun ọkọ̀, lójú gbogbo ayé, ìgbà yẹn ló jọ. Kí ló wá tẹ̀lé e? Ní oṣù Kẹfà 2022, owó gálọ̀nù bẹtiróòlù kan kọjá dọ́là 5 ní ìpíndọ́gba jákèjádò Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tó tóbi nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í sábà fi gálọ̀nù kan rìn ju máìlì 6 sí 10 lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2023, èlé orí owó ilé ti gun òkè dé bíi 7.8. Ọkọ̀ àfiṣelé tí wọ́n kó jáde lọ́dún náà sì ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 313,000, torí pé àwọn tó ń wá a rà ti dín kù. Ẹni tó ta ilé ní 2021, tí orúnkún tàbí ọkàn wá sọ fún un ní 2023 pé ó tó gẹ́ẹ́, ohun tó ń wọ́n lójoojúmọ́ ló fẹ́ rà, ohun tó ń já lulẹ̀ lójoojúmọ́ ló sì fẹ́ tà kó tó lè rà á.

Ẹnì kan lè sọ pé ọdún tó burú ni mo ṣà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó burú, ṣùgbọ́n ta ni àìsàn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọdún wo ló rọrùn? Ilé máa ń gbówó lórí bí ọdún ti ń gorí ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fà sẹ́yìn nígbà míì. Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tó bá ti kúrò níwájú ẹni tó tà á ni iye rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ẹni ogójì ọdún tó bá ṣi ìṣirò yìí ṣe ṣì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kó sì kó ara rẹ̀ jọ. Ẹni ọdún 74 kò ní ọ̀nà àtirí owó náà padà.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló wá le jù. Ètò Medicare, tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lù ní 1965, ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹni ọdún 65, ọ̀nà méjì sì ni wọ́n ń gbà jàǹfààní rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń bójú tó, ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri: dókítà yòówù tó bá ti ń gba Medicare, ì báà jẹ́ ní Maine, ì báà jẹ́ ní Oregon, lè tọ́jú wọn. Èkejì ni Medicare Advantage, tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Ó sábà máa ń dínwó, ó lè fi ìtọ́jú eyín àti ojú kún un, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yàn án. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà agbègbè kan ló fẹsẹ̀ tì. Bí oníbàárà bá jáde kúrò ní agbègbè náà, ìtọ́jú pàjáwìrì àti èyí tí kò ṣeé sún síwájú ló dá a lójú. Bó bá sì pẹ́ níta ju oṣù mẹ́fà lọ, ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ á yọ orúkọ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni àwọn kan ti ń mọ èyí. Wọ́n á fẹ́ padà sí ti ìjọba, àmọ́ ti ìjọba kì í san gbogbo owó ìtọ́jú tán, ó yẹ kéèyàn ra àfikún tí wọ́n ń pè ní Medigap. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹni tó pé 65 bá wọ Medicare Part B, ìyẹn apá tó ń sanwó dókítà, ni ilé iṣẹ́ kò lè fi àìsàn kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n lè béèrè nípa àtọ̀gbẹ rẹ̀, kí wọ́n béèrè nípa ọkàn rẹ̀, kí wọ́n sì ní àwọn ò tà fún un. Nítorí náà, ìwé ìlera ló yẹ kí àgbà kà kó tó ka máàpù.

Ká tiẹ̀ ní ìwé náà pé, àìsàn àgbà kì í sábà jẹ́ ti ọjọ́ kan. Jẹjẹrẹ ń fẹ́ kí aláìsàn padà sílé ìwòsàn kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń lọ sídìí ẹ̀rọ ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, kò lè tẹ̀ ba nínú òjò láti tú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn èèyàn yìí nílò yàrá tí kì í mì, lẹ́bàá dókítà tó mọ̀ wọ́n, ní àdúgbò tí ẹnì kan á ti kanlẹ̀kùn bí wọn ò bá jáde láàárọ̀. Bí ilé ìgbà òtútù bá ṣì wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bí kò bá sí, ẹni tó ń ṣàìsàn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé.

Àdírẹ́sì náà ń fa wàhálà. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án 2001 ní kí báńkì mọ ibi tí oníbàárà ń gbé gan-an, àpótí lẹ́tà nìkan kò tó. Àwọn tó ti ta ilé sábà ń háyà àdírẹ́sì láti fi orúkọ sílẹ̀ ní South Dakota, Texas tàbí Florida, àwọn ìpínlẹ̀ tí kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé féèyàn. Ní South Dakota, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ẹ̀rí pé èèyàn sun ibẹ̀ lóru ọjọ́ kan fi tó láti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin tó mú kó ṣòro fún irú wọn láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Àdírẹ́sì tí wọ́n háyà wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tó lè yí èrò padà nígbàkigbà. Àwọn àgbà Canada ò lè gbàgbé pé ó yẹ kí ibìkan jẹ́ ilé wọn, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́, nítorí Ontario ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa gba ìtọ́jú ìjọba wà nínú ìpínlẹ̀ fún ó kéré tán ọjọ́ 153 láàárín oṣù méjìlá. Àwọn kan ń ráhùn sí òfin yẹn. Lójú tèmi, ó ń ṣe wọ́n lóore.

Ta ló ń wa ọkọ̀? Èyí ni ìbéèrè tí mo rí i pé tọkọtaya ń sá fún jù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ kékeré náà ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ àfiṣelé tó wúwo tó 26,000 pọ́ùn, ìyẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 12. Òfin kò ní dá àgbà dúró kíákíá: Florida ń yẹ ojú awakọ̀ wò láti ẹni ọgọ́rin ọdún, Arizona ń ní kí ẹni tó ti kọjá 65 máa tún ìwé rẹ̀ gbà lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ara ló ń dáni dúró. Àwọn olùwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé bí a bá fi máìlì tí èèyàn ń rìn ṣe ìwọ̀n, ìjàǹbá tó ń gbẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀ láti nǹkan bí ẹni ọdún 70, ó sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ti kọjá 85. Ara àgbà tí kì í lè gba ìkọlù wà lára ohun tó fà á, kì í ṣe àìmọ̀ọ́wà nìkan. Ó sì wọ́pọ̀ kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń wa ọkọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Bí àìsàn bá kọ lu onítọ̀hún ní Wyoming, ẹnì kejì á jókòó nínú gbogbo ohun tó ní láyé, kò sì ní lè gbé e kúrò lójú kan. Bí ilé bá wà ní Yuma tàbí Mesa ní Arizona, ó lè fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, kó gba ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, kí ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ wá gbé ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ilé, kò lè fi í sílẹ̀ rárá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn arìnrìn-àjò fúnra wọn. Lọ́dún 1978, tọkọtaya kan, Joe àti Kay Peterson, dá ẹgbẹ́ Escapees sílẹ̀ fún àwọn tó sọ ọkọ̀ àfiṣelé di ilé gidi. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ojú ọ̀nà tó wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó wọn. Kí ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí i pé àwọn nílò nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń darúgbó? Wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ CARE ní Livingston, Texas, níbi tí ẹni tí kò lè rìn mọ́ ti lè gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, kó máa sùn sínú rẹ̀, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n tún dá àwọn ọgbà aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè ní ààyè ilẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò lórí rẹ̀. Bí àwọn tó fi gbogbo ayé wọn sí ìrìn bá ń kọ́ ibi ìdúró, kí la tún ń wá lẹ́nu amòye mìíràn? Mo kan sárá sí wọn, nítorí pé wọn ò pa irọ́ fún ara wọn nípa ọjọ́ ogbó.

Àtakò tó lágbára jù sí ọ̀rọ̀ mi ni ti owó. Owó orí ilé, owó ẹgbẹ́ àdúgbò, owó adójútòfò tó ti gbẹ́nu sókè gan-an ní Florida, kí èèyàn máa san gbogbo rẹ̀ lórí ilé tó ti pa? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn mi ni pé mi ò ní kí ẹnikẹ́ni di ilé oníyàrá mẹ́rin mú. Ní Mesa, Apache Junction àti Yuma, àwọn ọgbà wà tó jẹ́ ti ẹni ọdún 55 sókè, èyí tí òfin àpapọ̀ ti 1995 fọwọ́ sí. Nínú wọn, èèyàn lè ní ilé kékeré tí wọ́n ń pè ní park model, tí kì í ju 400 ẹsẹ̀ bàtà níwọ̀n lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, kó sì gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní: kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ abẹ́ ilé náà jẹ́ tiwọn tàbí wọ́n háyà rẹ̀, torí ẹni tó ni ilẹ̀ lè fowó lé owó rẹ̀ nígbà tí agbára ayálégbé ò ní lè gbé e mọ́. Ta ilé ńlá, ra kékeré, fi ìyókù ṣe owó ọ̀nà: bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí mo ní í sọ ju pé kó máa lọ ire.

Àwọn mìíràn á ní kí n má fẹnu mi pe ibi. Wọ́n á ní àwọn tó ń gbéra ń yọ̀, kí ló kan àìsàn àti ikú nínú rẹ̀? Mi ò gbà pé ìrònú yìí ń ba ayọ̀ jẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé yàrá òun ń bẹ lè dúró pẹ́ sí i ní Montana, ó lè gba ọ̀nà tí kò gbà rí, ó lè sọ pé òun ń lọ sí Alaska, nítorí pé bí ohunkóhun bá yí padà, ó mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí kò ní ilé kankan ló ń fi ìbẹ̀rù rìn, tó ń gbọ́ gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì bí ìròyìn burúkú.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ò ní ilé tí wọ́n fẹ́ tà tàbí pa mọ́. Ìwé Jessica Bruder, Nomadland, tó jáde ní 2017, tí fíìmù tí wọ́n gbé jáde láti inú rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar tó ga jù ní 2021, sọ ìtàn wọn: àwọn àgbà tí ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 2008 lé jáde nílé, tí wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí Amazon nígbà Kérésìmesì, tí wọ́n ń kó bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà nígbà ìkórè. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san lóṣù kò ju nǹkan bí 1,900 dọ́là lọ ní ìpíndọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í rí tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí, àìṣedéédéé ìlú ló gbé e sójú ọ̀nà. Ìlú ló yẹ ká bá sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ ti ń jẹ́ kí èèyàn fi 180 dọ́là gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ aṣálẹ̀ lágbègbè Quartzsite ní Arizona láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Ohun tó dára ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún arúgbó ló ń jàǹfààní rẹ̀. Àmọ́ bí oṣù Kẹrin bá ti pé ìdajì, ó parí. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjọba mìíràn, ọjọ́ 14 péré ni èèyàn lè fi dúró kó tó ṣí kúrò. Bí ìjọba bá lè ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún oṣù méje, ó lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ibi tí ooru kì í ti í pa èèyàn, lẹ́bàá ilé ìwòsàn, fún arúgbó tí ọkọ̀ rẹ̀ ò lè ṣí kúrò mọ́.

Òǹkàwé Yorùbá lè béèrè pé àwọn ọmọ wọn dà. Láwùjọ tiwa, ọ̀dọ̀ ọmọ ni a retí pé kí àgbà wà, a sì ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ká má yára dá wọn lẹ́bi. Ọmọ kan wà ní Seattle, èkejì wà ní Atlanta, ẹ̀kẹta wà nínú ológun. Ọkọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe òbí àti ìyá àgbà. Wọ́n á gbé e síwájú ilé ọmọ, wọ́n á bá ọmọ-ọmọ ṣeré lọ́sàn-án, wọ́n á lọ sùn sínú yàrá tiwọn lálẹ́, láìni ìyàwó ilé lára. Ohun tó ń bí wàhálà ni kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ lórí fóònù, lọ́jọ́ tí nǹkan dojú rú, pé òun ni ibùdó ìkẹyìn tí wọ́n fọkàn sí láìsọ fún un. Kí àwọn òbí bá àwọn ọmọ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbéra: ta ló máa bá dókítà sọ̀rọ̀ bí a ò bá lè sọ̀rọ̀, ta ló máa wá gbé ọkọ̀, nínú ilé ta ni àyè wà, fún ìgbà wo? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí agbẹjọ́rò fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà nínú ọkọ̀ àti lọ́wọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwọn èèyàn wa tó lọ sí Houston, Maryland àti Atlanta ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ti ń pé 65 báyìí. Ojú ọ̀nà tiwọn ni ti bàálù láàárín ibẹ̀ àti Èkó, ìpinnu náà kò sì yàtọ̀: ṣé ká ta ilé Amẹ́ríkà ká máa lọ sílé? Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lè máa bá ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Medicare kì í sanwó ìtọ́jú níbí. Ẹni tó bá dáwọ́ owó Part B dúró nítorí pé ó ti wálé, bó bá padà lọ forúkọ sílẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa fi kún owó rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi dáwọ́ dúró, ó sì sábà máa ń san án títí ayé rẹ̀ ni. Kí wọ́n máa wálé, ilé dùn. Kí wọ́n fi yàrá kan àti ìwé ìlera wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó pinnu. Ohun kan náà ni mo ń bẹ tọkọtaya tó ń ti omi pa ní Mesa lónìí pé kí wọ́n ṣe: kí wọ́n kọ́kọ́ rìn fún ìgbà ooru méjì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé lápò. Ẹni tó sì ti tà á ná, tí ara rẹ̀ ṣì le, kó wá ààyè ilẹ̀ kékeré kan rà lọ́dún yìí, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè wakọ̀ lọ wò ó.